Ọmọ Tó Rò Pé Wọ́n Fẹ́ Sin Òun Mọ́ Ọba

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìwé kíkà kì í pa ènìyàn lára, ẹ ní kí ó wá bá èmi Hàjàrá ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé tí mo ní ní àdúgbò Television ní Kàdúná. Mo máa fún un ní àga, mo máa fún un ní omi tútù, lẹ́yìn náà mo máa sọ fún un bí ìwé méjì ṣe gba oorun lójú àkọ́bí mi, tí ọmọ fi rò pé àwa òbí òun ti fa òun lé ikú lọ́wọ́.

Adéṣẹwà ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, SS2 ló wà. Bàbá rẹ̀, Adédàpọ̀ ọkọ mi, jẹ́ ọmọ ọba ìlú Ọ̀sàngbó ní Èkìtì. Èmi ní tèmi, ọmọ Ìlọrin ni mí, Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, Kàdúná náà ni mo ti lọ́kọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a gbé àwọn ọmọ dé Ọ̀sàngbó rí, nígbà tí Dámi àbúrò rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi. Ohun tí Adéṣẹwà mọ̀ nípa ọba àti ààfin, inú ìwé ló ti kó gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń kà á. Tíṣà Stephen, ọmọ gúúsù Kàdúná, ló ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Ó sọ fún kíláàsì pé ẹni tó bá fẹ́ kí ìtàn wọ òun lára, kí ó wá ìwé àròsọ kan tó dá lórí ọba, kí ó máa kà á pọ̀ mọ́ ohun tí òun ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yòókù gbọ́, wọ́n gbàgbé. Ọmọ tèmi gbọ́, ó sọ ọ́ di ẹ̀sìn.

Zakiyyah ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá a ní ìwé ńlá kan, ìtàn ọba ayé àtijọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ fi orí ara rẹ̀ rò. Láti ìgbà náà, iná wà o, iná ò sí o, Adéṣẹwà á tẹ́ ìwé ilé ìwé sí apá ọ̀tún tábìlì, á tẹ́ ìtàn ọba sí apá òsì. Bí ti apá ọ̀tún bá ní àwọn ìjòyè dìtẹ̀ mọ́ ọba kan, á ṣí ti apá òsì láti wo bí ojú ọba ṣe máa ń rí ní òwúrọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé ilé ìwé ń sọ ohun tí wọ́n ṣe, ìwé kejì ń sọ bó ṣe dùn wọ́n tó. Inú mi ń dùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó lórí fóònù, tèmi ń bá mi sọ̀rọ̀ ìjòyè nídìí oúnjẹ. Kò sí oníbàárà tí mi ò fi í yangàn fún, títí kan àwọn tí wọ́n wá ra ìbọ̀sẹ̀ lásán.

Kí ilé ìwé tó gba ìsinmi gígùn, Tíṣà Stephen kọ́ wọn pé ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí ọba bá wàjà, àrẹ̀mọ rẹ̀ àti àwọn kan láàfin máa ń bá a lọ. Agogo lù, ó ní àwọn á parí rẹ̀ bí wọ́n bá wọlé. Ibi tó dá a dúró sí nìyẹn. Adéṣẹwà wá gba ilé, ó ṣí ìwé apá òsì. Nínú ìyẹn, ọba kan kú, wọ́n mú ọmọbìnrin rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ bàbá rẹ̀ fún un, wọ́n gbé e jókòó sórí ìtẹ́. Gbogbo ìlú ń kúnlẹ̀ fún un. Kò sí ohun tó bèèrè tí wọn kò fún un. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, kò sì padà wá mọ́.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí bàbá ọkọ mi, ọba Ọ̀sàngbó, fi wàjà.

Bàbá Fọlábí, àbúrò ọba, ló wá bá wa ní Kàdúná. Ó wọ mọ́tò láti Èkìtì dé Àbújá, ó wá wọ ọkọ̀ ojú irin dé Rìgásà ní Kàdúná níbí, nítorí ó ní òun kò ní í fi ọjọ́ ogbó òun gba ọ̀nà àwọn ajínigbé láti Àbújá sí Kàdúná. Ó dé, ó wẹ̀, ó jẹ iyán, ó ní iyán wa kò fà. Nígbà tó sinmi tán, ó ní kí gbogbo ilé péjọ sí pálọ̀.

Ó ní ìtẹ́ kò gbọdọ̀ ṣófo. Títí wọn yóò fi yan ọba tuntun, ọmọbìnrin kan láti inú ẹ̀jẹ̀ ọba ni yóò jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adelé, nínú aṣọ ọkùnrin, pẹ̀lú fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀. Obìnrin tó bá ti lọ́kọ kò gbọdọ̀ ṣe é, èèwọ̀ Ọ̀sàngbó ni. Gbogbo ọmọbìnrin tí ọba bí ló sì ti wà nílé ọkọ. Ọmọ-ọmọ ló kàn, ilé ọkọ mi nìkan ni ọmọ-ọmọ tó jẹ́ obìnrin tí kò tíì lọ́kọ sì kù sí.

"Adéṣẹwà ni ilé ọba mú," ni Bàbá Fọlábí wí.

"Bàbá, kí ni adelé máa ń ṣe gan-an?" ni mo bèèrè. Ní tiwa ní Ìlọrin, Ẹ́míà la mọ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí pé obìnrin ń jókòó síbẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni tó ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ onílé wò. "Hàjàrá, ìyàwó wa, a kì í sọ ohun ààfin lójú ọmọ tí kò tíì wọ ààfin. Bó bá dé ọ̀hún, àwọn tó yẹ kó sọ ọ́ fún un á sọ ọ́."

Ọkọ mi fi orí gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo pa ẹnu mi mọ́, ohun tí gbogbo ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé kò rọrùn fún mi rárá. Adéṣẹwà jókòó sórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi.

"Bàbá, ṣé mo máa padà wá?"

"Ọmọ ọba," ni Bàbá Fọlábí dá a lóhùn, "ẹni tó bá ti jókòó sórí ìtẹ́ bàbá rẹ̀, ibo ló tún fẹ́ padà sí?"

Àwàdà ló fi ṣe. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín sí i.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Fọlábí gbé òfin wọ ilé mi. A kò gbọdọ̀ bá ọmọ wí mọ́. A kò gbọdọ̀ rán an níṣẹ́. Ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́, kí a ṣe é fún un, nítorí bí a ṣe ń tọ́jú adelé nìyẹn kí ó tó wọ̀lú. Ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pariwo lé lórí pé yàrá rẹ̀ dọ̀tí bí ilé ewúrẹ́, òun ni mo wá ń bi pé ṣé kí n din dòdò sí i. Kí n má parọ́, mo kùn, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Ìyá wo ni kò fẹ́ kí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ òun? Bàbá rẹ̀ ra fóònù tó ti ń tọrọ láti SS1 fún un. Adéṣẹwà gbà á, ó ní "Thank you, Daddy," ó gbé e sórí fìríìjì, kò tilẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí.

Ẹ̀yin ti mọ ohun tó wà nínú ìwé apá òsì, nítorí náà ẹ ti mọ ohun tí ọmọ náà ń wò. Àwa kò mọ̀. Bí a ṣe ń kẹ́ ẹ sí i ni ẹ̀rù ń bà á sí i. A rò pé ìtìjú ni. Bàbá Fọlábí tiẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ jọ ti bàbá bàbá rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

Najeeb, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, wá wọn agbádá funfun fún un. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ ni kò ní bọ́tìnnì. "Haba, Hajiya!" ó ké. "Yarinya da babbar riga?" Kò tíì rí ọmọbìnrin tó wọ agbádá rí. Mo ní kó wọn aṣọ, kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Adéṣẹwà na apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń sunkún láì pariwo. Mo rò pé ayọ̀ ni. Èmi tí mo bí i, mo dúró níbẹ̀, mo rò pé ayọ̀ ni.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀. Ó dá ìwé Zakiyyah padà, ó kó àwọn yẹtí rẹ̀ fún Dámi, ó jókòó di irun Dámi fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì di í pẹ̀lú sùúrù tí kò ní tẹ́lẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Wo ọmọ ọba bó ṣe ń lawọ́."

Nígbà tí ìrìn àjò wa sí Èkìtì ku ọ̀la, Adéṣẹwà jáde nílé láàárọ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Fóònù tuntun wà lórí fìríìjì. Ní ìlú wa yìí, bí ọmọbìnrin bá jáde tí a kò mọ ibi tó gbà, ẹ mọ ohun tí ìyá á máa rò. Mo ti fi ìbòrí mi borí, ọkọ mi ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, nígbà tí kẹ̀kẹ́ NAPEP kan dúró sẹ́nu géètì wa. Tíṣà Stephen ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi tẹ̀lé e.

Mo ní "Alhamdulillah!" mo sáré lọ síbẹ̀. Tíṣà kò jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wọ pálọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò jókòó. Ó dúró, ó fi ara rẹ̀ dí ọmọ mi mọ́ mi lójú.

"Madam," ó sọ ọ́ ní Haúsá, "kí n tó fi ọmọ yìí sílẹ̀ nínú ilé yìí, mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe."

Orí mi gbóná. "Ta lò ń bi? Ọmọ tí mo lóyún rẹ̀, tí mo bí, ìwọ ni wàá bi mí ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe?" Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ó dára kí ẹ mọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí a sọ sí tíṣà ọmọ ẹni.

Ó jẹ́ kí n mí. "Ó wá bá mi nílé ní Kamazou láàárọ̀ yìí. Ó ní òun wá dágbére. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun, àwọn tí wọ́n ń sin mọ́ ọba, ṣé láàyè ni wọ́n ń sin wọ́n, àbí wọ́n á kọ́kọ́ pa wọ́n? Ó ní òun fẹ́ mọ̀ kí òun lè múra sílẹ̀."

Ọkọ mi ń wò bí ẹni tí kò gbọ́ Haúsá mọ́, òun tó ti lo ogún ọdún ó lé ní Kàdúná. Bàbá Fọlábí tí kò gbọ́ èdè náà ní tòótọ́ ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un.

Bí mo ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rù mú èmi náà. Ta ló sọ ohun tí adelé ń ṣe fún mi? Mo bèèrè, wọ́n ní a kì í sọ ọ́. Ọmọ Ìlọrin ni mí, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn ààfin Ọ̀sàngbó. Mo wo ojú bàbá arúgbó tó ti ń jẹ iyán mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Bàbá," mo ní, "ẹ dá mi lóhùn nísinsìnyí. Wallahi, ẹ má tún sọ fún mi pé a kì í sọ ọ́ lójú ọmọ."

Ẹnu Bàbá Fọlábí là sílẹ̀. "Pa á? Adéṣẹwà? Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?" Ó nawọ́ wá fóònù rẹ̀ nínú àpò, ó gbé e fún ọkọ mi. "Pe Ìyá Adékọ̀yà ní Adó. Pè é kí a máa rí ojú rẹ̀. Òun ló ṣe adelé kí bàbá rẹ tó gorí ìtẹ́."

Fóònù dún títí, ojú obìnrin kan yọ, ó jókòó sórí àpótí, ó ń já ẹ̀fọ́.

"Ìyá Adékọ̀yà!" Bàbá Fọlábí pariwo bí ẹni pé Adó ló ti fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ láì lo fóònù. "Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yìí pé ẹ ò tíì kú!"

"Ta ló ní mo kú?" Ewé ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀! Ilé ta ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ikú mi? Ẹ̀yin ará ilé yìí, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Ó pẹ́ kí a tó rí i tù nínú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá yé e, ó ní kí a gbé fóònù fún ọmọ náà. Adéṣẹwà nawọ́ gbà á láti ẹ̀yìn Tíṣà.

"Ọmọ mi, wò mí dáadáa," ni Ìyá Adékọ̀yà wí. "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti kúrò lórí ìtẹ́ yẹn. Mo jókòó, mo parí ìjà ilẹ̀, mo parí ìjà ọkọ àti ìyàwó, mo bá àwọn ìjòyè ṣe ìpàdé títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Wọ́n yan ọba, mo bọ́ ṣòkòtò sílẹ̀, mo padà sí ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Mo lọ́kọ, mo bí ọmọ mẹ́rin. Ẹ̀yìn yẹn nìkan ni kò tíì padà bọ̀ sípò."

"Wọn ò sin ẹnikẹ́ni mọ́ ọba, Mà?"

"Màlúù ni wọ́n pa. Mo sì jẹ nínú rẹ̀."

Adéṣẹwà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré kan ni, ṣùgbọ́n a ti gbàgbé bó ṣe máa ń dún, gbogbo wa sì gbọ́ ọ. Èmi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀. Ara mi fúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń nu imú, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní Lárúbáwá àti Yorùbá. Ọkọ mi kọjú sí ògiri, ó ń ṣe bí ẹni ń wo kàlẹ́ńdà.

Tíṣà Stephen náà wá rí àga jókòó níkẹyìn. Ó ní ibi tí òun dá ẹ̀kọ́ dúró sí ló fa gbogbo èyí. Ó ní àwọn ará Ọ̀yọ́ fúnra wọn ló fòpin sí bí àrẹ̀mọ ṣe ń bá ọba lọ, ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún, pé ẹ̀kọ́ tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun nìyẹn. Èkìtì sì kọ́ ni Ọ̀yọ́. Ní ti ìwé àròsọ, ó ní ẹni tó ń kọ ọ́ lè pa ẹni tó bá wù ú láti mú omi jáde lójú wa, ojúṣe òun ni láti sọ fún wọn ibi tí òótọ́ parí sí.

"Tíṣà," mo ní, "lọ́jọ́ mìíràn, bí ẹ bá ti gbé ọba sínú ibojì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí ẹ̀kọ́ náà kí agogo tó lù." Ó bẹ̀ mí. Mo gbé míníràlì tútù fún un, mo sì tọrọ àforíjì fún àwọn ọ̀rọ̀ tí mo sọ àti àwọn tí mi ò rí àyè sọ.

Bàbá Fọlábí tọrọ àforíjì tirẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó ní bí wọ́n ṣe bá àṣà ni pé ẹnu kì í kàn án, ṣùgbọ́n ọmọ tó dàgbà sí Ọ̀sàngbó á ti rí adelé, kò sí ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ máa fi ṣe é. Òun kò rò ó pé ọmọ Kàdúná kò rí nǹkan kan. Ó bi í bóyá ó ṣì fẹ́ lọ. Adéṣẹwà ní bí òun bá lè gbé àwọn ìwé òun dání, tí òun á sì padà kí ìdánwò WAEC tó dé. Bàbá ní ó di dandan.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ mí. Bí ara mi ṣe balẹ̀ tán ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

"Adéṣẹwà, wá síbí. O mọ̀ pé ikú ni wọ́n fẹ́ mú ọ lọ bá, o wá na apá sílẹ̀ kí télọ̀ wọ̀n ọ́? O ò lè pariwo? O ò lè bi mí? O rò pé èmi Hàjàrá á dúró kí wọ́n sin ọmọ mi?"

Ó wo ilẹ̀. "Mo rò pé ẹ mọ̀, Mummy. Gbogbo yín ń ṣe dáadáa sí mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ní gbogbo òwúrọ̀ àwọn ọjọ́ yẹn, ọmọ yìí ń jí, ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé mo ti fi òun sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sá lọ nígbà náà?" Mi ò pariwo mọ́. "Zakiyyah ò bá gbà ọ́ sílé. Tíṣà ò bá gbà ọ́. Kí ló dé tí o dúró?"

"Mo ti dé gáréèjì lọ́jọ́ kan," ó ní. "Mo padà. Bàbá ní ilé wa nìkan ni ọmọ-ọmọ obìnrin tí kò tíì lọ́kọ kù sí. Bí mo bá sá lọ, ta ló kù?"

Dámi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń jẹ búrẹ́dì, kò mọ ìdí tí gbogbo wa fi yíjú sí òun lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo fa àwọn méjèèjì mọ́ra. Mo sunkún gan-an, mi ò fi bò fún àlejò. Bàbá Fọlábí dìde, ó ṣí fìlà, mo rò pé ó fẹ́ jáde lọ gba atẹ́gùn. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì mi níwájú ọmọ SS2.

"Kábíyèsí," ó ní.

Kò tíì tó àkókò tó yẹ kó pè é bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kò tíì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e, èmi náà sì kúnlẹ̀.